Ohun Gbogbo Tí Ìyá Àgbà Ń Pè Ní Pupa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọ̀dà títì kò tíì kan ilẹ̀ Ajah, funfun ni gbogbo yanrìn wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ báyìí lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bu yanrìn ẹ̀yìnkùlé wa sínú àwo, tí ẹ gbé e síwájú àlejò, ó lè ti ṣíbí bọ̀ ọ́ kí ó tó mọ̀ pé kì í ṣe gaàrí. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, àwọn igi àgbọn sì dúró láàárín bí ẹni tí ń parí ìjà. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí ìgboro Èkó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí ayé yẹn, tó sì tún jẹ́ kí n rí èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Jakande, wọ́n kó páálí kíréyọ́nù dání. Èyí ẹ̀gbọ́n fa ọ̀kan yọ, ó ní, “Gráńmà, kí ni yẹ́lò ní Yorùbá?” Mo ní pupa. Ó fa òmíràn yọ. “Rẹ́ẹ̀dì ńkọ́?” Mo ní pupa. “Ọ́réǹjì?” Mo wo òkè díẹ̀, mo ní pupa náà ni. Nígbà tó kan búráùn, àbúrò rẹ̀ ti dá a lóhùn kí n tó lanu: “Pupa!” Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kíréyọ́nù èdè wa kò pọ̀ tó.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rán mi létí ẹnì kan tí ì bá dá wọn lóhùn dáadáa. Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ẹja ni wọ́n ń yan tà, èmi ni mo sì máa ń jókòó tì wọ́n nídìí ààrò láti fẹ́ iná. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé kí ló dé tí epo fi jẹ́ pupa, tí inú ẹyin náà sì tún jẹ́ pupa, nígbà tí àwọn méjèèjì kò jọra. Ìyá àgbà mú ẹja tútù kan sókè. “Èyí funfun.” Wọ́n tọ́ka sí èyí tó wà lórí ààrò. “Èyí pupa.” Wọ́n wá tọ́ka sí èyí tí mo fi sílẹ̀ títí tó fi jóná. “Èyí dúdú. Òun lo máa fi jẹun alẹ́.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ohunkóhun tí iná tàbí oòrùn bá ti fọwọ́ bà, tí kò sì tíì bàjẹ́, pupa ni. Oòrùn ló fọwọ́ ba ata àti ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iná ló fọwọ́ ba epo. Ìyá adìẹ ló fi ara gbígbóná sàba lé ẹyin. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Iná ara ló ń sè é. Màálù àwọn Fúlàní ńkọ́? Wọ́n ní ẹ wo bí oòrùn ṣe ń pa á láti òkè Ọya wá síbí. Kò sí ohun tí mo dárúkọ tí ìyá àgbà kò rí iná kan fi sí i lábẹ́.

Tíṣà wa ní ilé-ìwé ìjọ tún wá fi ti ìwé kún un. Ó ní pupa àti pọ́n, ọmọ ìyá ni wọ́n. Èso pọ́n, ojú pọ́n. Láti ara ojú tó pọ́n la ti rí ìpọ́njú, nítorí ẹni tí ìyà ń jẹ, ojú rẹ̀ kì í funfun. Ó ní ìkòkò àwọ̀ mẹ́ta péré ni àwọn baba ńlá wa ní, funfun, dúdú àti pupa, wọ́n sì rí ibi da gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A bi í pé inú ìkòkò wo ni ewé wà. Ó ní dúdú, ṣé ẹ ò gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé igbó dúdú ni? A bi í pé ojú ọ̀run ńkọ́. Ó ní ká jókòó.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ ìwé kà. Ilé ìjọsìn wa nígbà náà kò ju àtíbàbà ńlá kan lọ, òpó igi àgbọn, òrùlé páànù, ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà sílẹ̀ síta, kò sì gbọdọ̀ wọ ohun pupa. Ìyá àgbà ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tó yẹ ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, nítorí ẹni tó bá ti ìdí ààrò mọ pupa, kò sí aṣọ tó lè yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Obìnrin kan dé lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó wé gèlè tó mọ́lẹ̀ bí inú ẹyin. Ìyá àgbà na ọwọ́ dí i lọ́nà.

“Màmá, yẹ́lò ni o, kì í ṣe rẹ́ẹ̀dì.”

“Ta ló bí yẹ́lò?”

“Màmá?”

“Mo ní ta ló bí i. Kò sí nínú àwọn tí mo mọ̀. Pupa ni. Lọ tú u sílé kí o padà wá.”

Ọkùnrin kan wọ ṣòkòtò kan, ó ní àwọ̀ tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí ni. Ìyá àgbà ní tíì náà kò gbọdọ̀ wọlé. Ọmọ kékeré kan ń lá máńgòrò bọ̀, wọ́n ní kó lá a tán síta, kó sì lọ fọ ẹnu. Èmi náà kò mọ ara mi dúró, mo bi wọ́n pé ìyàwó olùkọ́ orin, tó pupa fòò bí ẹni tí wọ́n fi epo pa lára, ṣé wọn kò ní dá òun náà padà ni. Ìyá àgbà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Ìyẹn, Ọlọ́run ló kùn ún. Kì í ṣe ọjà ló ti rà á.”

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì rọrùn nìyẹn. Àfi bí ìjọba ṣe gbé ọ̀nà màrosẹ̀ dé.

Kí wọ́n tó da ọ̀dà, wọ́n kọ́kọ́ kó ilẹ̀ pupa wá láti ọ̀nà jíjìn, tíípà lẹ́yìn tíípà, wọ́n ń dà á sórí yanrìn wa. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn da epo sórí ẹ̀kọ tútù. Bí tíípà kan bá kọjá, eruku rẹ̀ á gbéra, kò sì ní balẹ̀ títí èkejì yóò fi dé. Ẹ̀bà wa pupa láìsí epo nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, eyín pupa ni yóò fi délé. Aládùúgbò wa kan ní ewúrẹ́ funfun kan. Ó wá ewúrẹ́ náà kiri gbogbo Ajah lọ́jọ́ kan, ó ń bi àwọn ènìyàn bóyá wọ́n rí i, ewúrẹ́ náà sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ti pupa látorí délẹ̀.

Ẹ wá ro ti ìyá àgbà, tó jẹ́ pé àwọn náà ló ń fọ sùtánà ìjọ. Wọ́n á sè é, wọ́n á fi búlúù ìfọṣọ sí i, a óò wá rù ú lọ sí etí ọ̀sà níbi tí eruku kò dé, a óò sá a sórí koríko. Bí ó bá gbẹ, a óò ká a sínú báàfù, a óò fi báàfù mìíràn dé e mọ́lẹ̀ bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ fún ọkọ ìyàwó, kí a tó gbé e gba etí ọ̀nà kọjá. Àwọn ará ilé wa ń fi ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ pé pupa tí wọ́n ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà ti lọ kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà náà, ọkùnrin kan wà tó ń wa táńkà omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wọ́n omi sórí ilẹ̀ náà, kí eruku lè rọlẹ̀, kí ẹ̀rọ tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ Ìkirè ni, aláwọ̀ pupa, nítorí náà Pupa ni gbogbo wa ń pè é gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó fẹ́ràn orin ìjọ wa. Lọ́jọ́ ìsinmi kan ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti yarun, ṣùgbọ́n aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀, èyí tó ń tàn bí ọsàn pípọ́n.

“Pupa, ibo lò ń lọ?”

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Mo wá jọ́sìn ni o.”

“Nínú aṣọ yìí?”

“Kọ́ńpìnnì ló fún wa, Màmá.”

“Ṣé kọ́ńpìnnì ló ni ọ̀run?”

“Ó dáa, ẹ jẹ́ n bọ́ ọ. Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́.”

“Àwọ̀ wo ni síńgílẹ́ẹ̀tì náà?”

Pupa la ọrùn aṣọ rẹ̀, ó yọjú wò ó, ó ronú díẹ̀. “Màmá, ó ti funfun rí.”

Gbogbo wa tí a wà nítòsí rẹ́rìn-ín, àfi ìyá àgbà. Pupa náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi àgbọn níta, ó ń gbọ́ orin láti ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gbìyànjú láti wọlé mọ́. Abẹ́ igi náà ló máa ń jókòó sí, òun àti obìnrin onígèlè, àti onítíì, àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti dá padà. Nígbà mìíràn, àwọn ará ìta á pọ̀ ju àwa tí a wà nínú lọ.

Nígbà tó ṣe, ìròyìn dé láti ìgboro Èkó pé Bàbá Àgbà tó jẹ́ olórí ìjọ wa ń bọ̀ wá ṣe ìkórè pẹ̀lú wa, wọn yóò sì fi òróró yan ìyá àgbà ní Ìyá Ìjọ. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dárúkọ ìyá àgbà fún òróró náà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, omi ru, ọkọ̀ kò lè ṣí. Ní ìgbà kejì, àìsàn dá Bàbá Àgbà dúbúlẹ̀, nígbà tí wọ́n sì dìde, dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ọ̀nà tuntun yìí, bó ṣe rí náà, ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ́kọ́ lè gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá àgbà rán aṣọ funfun tuntun. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé, “Àgbà ti dé sí èmi àti Bàbá. Bí ti ọ̀tẹ̀ yìí bá tún yẹ̀, ó di ọ̀run kí n tó gba òróró.”

Ohun kan ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn: eruku. Láti ibi tí ọ̀dà parí sí, ilẹ̀ pupa ni títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Ta ni yóò gba ibẹ̀ kọjá tí yóò funfun délé? Olùkọ́ orin, tó fẹ́ràn àti máa yọ ìyá àgbà lẹ́nu, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀.

“Màmá, bí Bàbá Àgbà bá dé tí wọ́n ti pupa, ṣé ẹ máa dá wọn padà?”

“Kí Ọlọ́run má jẹ́ n rí i.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ máa dá wọn padà?”

“Olùkọ́ orin, lọ kọ́ orin.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyá àgbà di ẹja yíyan tó dára jù nínú ilé sínú ewé, wọ́n mú mi dání, a forí lé ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà. Mo rí i pé ẹsẹ̀ wọn ń wúwo. Pupa wà lábẹ́ táńkà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

“Pupa, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́. “Màmá ẹnu ọ̀nà? Ẹ dákun, ṣé mo lè dá yín lóhùn nínú aṣọ tí mo wọ̀ yìí?”

“Má fi mí ṣẹ̀sín, ọmọ mi.”

Ó fa ara rẹ̀ jáde, ó ti kún fún òróró mọ́tò. “Ọmọ mi! Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́ o, mo ti di ọmọ Màmá!” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo, wọ́n ń kí i kú oríire.

Ìyá àgbà jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́ kó bá wọn wọ́n omi sí ojú ọ̀nà láti ibi tí ọ̀dà parí sí, kí eruku má baà ba Bàbá Àgbà láṣọ. Wọ́n sọ fún un pé òróró tí wọ́n ti ń retí láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ni. Pupa kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba ẹja, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Eruku kan ṣoṣo kò ní gbéra lọ́jọ́ náà.”

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Eruku kan kò gbéra.

Kí oòrùn tó yọ ní ọjọ́ ìkórè ni a ti ń gbọ́ ohùn táńkà. Pupa wọ́n omi láti òpin ọ̀dà títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Ì bá ti dára bó bá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja náà ti dùn jù, a sì ti pè é lọ́mọ. Ó lọ rọ omi kún táńkà, ó tún padà wá wọ́n ọn. Ó tún lọ. Ó ń juwọ́ sí wa bó ṣe ń kọjá, ìyá àgbà náà ń juwọ́ sí i, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ilẹ̀ pupa, ẹ jẹ́ n sọ ìwà rẹ̀ fún yín: bí ẹ bá wọ́n omi sí i, á jókòó jẹ́ẹ́, bí ẹ bá da omi sí i, á dìde.

A ti wọ ilé ìjọsìn, a ti tò, funfun báláú, ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ tuntun wọn, nígbà tí ọmọ kan sáré dé. Ó ní mọ́tò Bàbá Àgbà ti yọ̀, ó ti lọ sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣèṣe. Ó ní gbogbo wọn ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń tì í, Bàbá Àgbà náà ń bá wọn tì í. Ó ní Pupa wà níbẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń tì í.

Kò pẹ́ tí a fi rí wọn. Ẹ̀yin ará, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé, wọ́n ń kọrin, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé àwọn tó ń bọ̀ yìí ti wọ aṣọ funfun rí láyé. Taya ti fọ́n ẹrọ̀fọ̀ sí wọn láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Irùngbọ̀n Bàbá Àgbà dà bí ìrù màálù. Ojú wọn àti eyín wọn nìkan ló funfun. Pupa ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Bàbá Àgbà dé iwájú ìyá àgbà, wọ́n dúró. Mo rí ọwọ́ ìyá àgbà méjèèjì lára òpó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí wọ́n ṣe máa ń dúró nìyẹn, ara wọn ló ṣe é fúnra rẹ̀.

“Àlàáfíà fún ilé yìí, Ìyá.”

“Àlàáfíà, Bàbá.”

“Ṣé ká wọlé?”

Ìyá àgbà wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Níbí ni mo ti máa ń dá àwọn ènìyàn padà.”

Olùkọ́ orin wúkọ́. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ojú. Mo ń wo ẹnu Bàbá Àgbà, mo ń rò ó pé òróró ti lọ.

“Ta ló fún yín ní òfin náà, Ìyá?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá. Lọ́jọ́ tí ẹ wá ṣí ìjọ yìí.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin ni o.”

“Mo ti gbàgbé.”

“Èmi ò gbàgbé.”

Bàbá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ní kí ẹnì kan di àwọn mú. Ìyá àgbà ti kúrò lára òpó nígbà náà. Wọ́n pàṣẹ fún àwọn obìnrin kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n sì kó àwọn sùtánà tí a fi pamọ́ sínú báàfù jáde. Wọ́n kúnlẹ̀, àwọn fúnra wọn ló fọ ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà, wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n fọ irùngbọ̀n náà bí ẹni tó ń fọ òwú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe tán lára ẹnì kan ni wọ́n ń kọjá sí ara ẹlòmíràn. Wọ́n na aṣọ bo àwọn àlejò náà, àwọn àlejò sì pààrọ̀ èyí tó wà lára wọn. Ènìyàn gíga ni Bàbá Àgbà, èyí tó sì gùn jù nínú sùtánà wa kò kọjá orúnkún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọlé, ojúgun síta, pẹ̀lú ọlá ńlá.

Ìsìn bẹ̀rẹ̀. A kọrin, a gbàdúrà, a mú ẹ̀bùn ìkórè wá. Ó wá kan òróró. Wọ́n pe ìyá àgbà. Kò sí ìdáhùn. Wọ́n tún pè. Olùkọ́ orin lọ wo ẹnu ọ̀nà, ó padà wá, ó ní, “Bàbá, wọ́n wà níta. Wọ́n ní àwọn kò lè wọlé.”

Ìgbà náà la tó rò ó. Gbogbo ẹni tí ìyá àgbà fọ̀ ló ti fi ọwọ́ kan èjìká wọn, tó ti fi ara nù wọ́n lára. Aṣọ tuntun náà ti pupa, ipa ọwọ́ àwọn ènìyàn ló kún iwájú rẹ̀. Kò sì ku sùtánà kan nínú báàfù. Ara àwọn àlejò ló wà.

Bàbá Àgbà pariwo láti orí àga, “Ìyá, ẹ wọlé! Mo yọ̀ǹda fún yín!”

Ohùn ìyá àgbà dún láti ìta, ó mọ́ gaara. “Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi aṣọ yìí wọlé, kí ni mo fẹ́ sọ fún Pupa? Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí.”

“Màmá, ẹ wọlé jàre,” ohùn Pupa ni. “Mi ò ní bínú.”

“Dákẹ́. Ta ló bi ọ́?”

Mo mọ bí ìyá àgbà ṣe fẹ́ òróró náà tó. Mo sì mọ̀ pé wọn kò ní wọlé. Bí ẹ bá mọ ìran wa, ẹ̀yin náà á mọ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Àgbà dìde, wọ́n gbé ìgò òróró, wọ́n rìn láti iwájú pẹpẹ títí dé ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ojúgun wọn, wọ́n sì bọ́ síta. Kí ni ká ṣe? Gbogbo wa tẹ̀lé wọn.

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa náà. Bàbá Àgbà da òróró sí wọn lórí, ó ṣàn dé iwájú orí, ó bá omijé pàdé. Wọ́n pè wọ́n ní Ìyá Ìjọ, a ṣe àmín. Nígbà tí ìyá àgbà dìde, Bàbá Àgbà wò yíká, wọ́n rí àwọn ará abẹ́ igi àgbọn, obìnrin onígèlè, onítíì, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà. “Àwọn wo nìyí?” Ìyá àgbà ní, “Àwọn tí mo dá padà ni, Bàbá.” Bàbá Àgbà kò bá wọn wí. Wọ́n kàn ní kí wọ́n gbé àga jáde, wọ́n sì ṣe ìwàásù níbẹ̀ fún gbogbo wa.

Ìyá àgbà kò yí òfin padà. Bàbá Àgbà kò sì ní kí wọ́n yí i. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ra àpò fúláwà òfìfo lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì, wọ́n sè é, wọ́n fi búlúù sí i, wọ́n gé e, wọ́n rán an ní sùtánà, wọ́n gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òpó. Ẹni tó bá wọ pupa dé, wọn kò dá a padà mọ́. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ. Pupa ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Lẹ́tà àpò náà kò tíì parẹ́ tán lẹ́yìn rẹ̀, bí ó sì ṣe kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, gbogbo wa ló ń ka ìwọ̀n fúláwà. Ìgbà tí kọ́ńpìnnì kó lọ, ó wá dágbére fún ìyá àgbà bí ọmọ ṣe ń dágbére fún ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà di ẹja fún un, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kí ó máa ṣe ohun rere níwọ̀nba.

Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ. Wọ́n ti da ọ̀dà, wọ́n ti tún un dà, wọ́n ti fẹ ọ̀nà. Yanrìn funfun wa ti wà lábẹ́ ilé àwọn ènìyàn. Ìjọ wa ti ní ilé ńlá, onítáìlì, tó ń tutù nínú bí ẹnu òwúrọ̀. Ilé ìfọṣọ ló ń fọ sùtánà àwọn ènìyàn báyìí, wọ́n á gbé e wá nínú ọ̀rá. Bí mo bá lọ ra aṣọ, ọmọ tó ń tajà á bi mí bóyá wáìnì ni mo fẹ́ tàbí máròònù, èmi á sì fi ìka tọ́ka. Mi ò sọ pé ti àtijọ́ ló dára jù. Eruku yẹn kò dára, ọkọ̀ ojú omi sì pa àwọn tí mo mọ̀. Mo kàn ń dúpẹ́ pé mo rí àwọn tó jẹ́ pé òfin tí wọ́n fi de ẹlòmíràn, wọ́n kọ́kọ́ fi de ara wọn.

Àtíbàbà náà ti bọ́ sábẹ́ ọ̀nà nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Ibi tí ìyá àgbà kúnlẹ̀ sí, mọ́tò ló ń sáré lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ̀. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì láti Jakande lọ sí Ajah, tí a bá débẹ̀, mo máa ń tẹrí ba díẹ̀. Ní ọjọ́ kan kọ̀ńdọ́ rí mi, ó rò pé oorun ló ń gbé mi lọ, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Màmá, ẹ jí o. Ṣé ibí lẹ ti máa sọ̀?”

Mo ní, “Rárá o, ọmọ mi. Máa gbé mi lọ. Mò ń dúpẹ́ ni.”